Ọdún Ìjọ àti Iṣẹ́ Oníwàásù

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe ohun méjì. Oṣù méjìlá tí ó bá yí po, ọdún ni a ń pè é. Àjọ̀dún tí a fi ń sin Ẹlẹ́dàá tàbí òrìṣà, ọdún náà ni a ń pè é. Èyí kì í ṣe èèṣì. Kí ìwé kíkà tó dé, àjọ̀dún ni àwọn àgbà fi ń mọ ibi tí àkókò dé. Bí wọ́n bá ti ṣe ọdún ìjẹṣu, wọ́n mọ̀ pé ebi ti kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, wọ́n mọ̀ pé ìgbà ṣíṣán oko kò jìnnà mọ́. Ẹni tí kò bá mọ àkókò kò lè jẹ́ àgbẹ̀ gidi, ẹni tí kò bá sì mọ ọjọ́ ọdún ìlú rẹ̀, àlejò ni nínú ìlú náà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni a gbé bí i.

Ìjọ Kristi pẹ̀lú ní ọdún tirẹ̀. Ọdún náà kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Jánúárì gẹ́gẹ́ bí ti ìjọba. Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin ṣáájú Kérésìmesì ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ìjọ Àńgílíkà, ìjọ Àgùdà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ń tẹ̀lé e jù. Àwọn ìjọ mìíràn, bí i Onítẹ̀bọmi, a máa ṣe àwọn àjọ̀dún ńlá inú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà pa gbogbo àkókò rẹ̀ mọ́. Ìdí tí a fi ṣe ètò yìí kò ṣòro láti mọ̀. Bí a bá fi ọ̀ràn ìwàásù sílẹ̀ fún oníwàásù nìkan, ohun tí ó bá wù ú ni yóò máa wí. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ fún àwọn olùgbọ́, ohun tí ó bá dùn mọ́ wọn ni wọn yóò máa béèrè. Ọdún ìjọ kò gbà fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Láàárín oṣù méjìlá, ó ń mú gbogbo wọn la ìtàn Jésù já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti ìdùnnú àti ti ìbànújẹ́, láìfo ọ̀kan.

Orí òpó méjì ni ọdún ìjọ dúró lé. Òpó kìn-ín-ní ni Kérésìmesì, ọjọ́ 25 oṣù Dìsẹ́ḿbà, tí kì í yẹ̀. Òpó kejì ni Àjíǹde, èyí tí kì í dúró lójú kan. Ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 21 oṣù Máàṣì lọ, gẹ́gẹ́ bí ìjọ ti ṣírò òṣùpá náà, ni ọjọ́ Àjíǹde. Nítorí náà, kò lè ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù Máàṣì, kò sì lè kọjá ọjọ́ 25 oṣù Éépìrì. Bí a bá ti mọ ọjọ́ yìí, a ti mọ ọ̀pọ̀ ọjọ́ mìíràn. A ó ka ọjọ́ 46 padà sẹ́yìn, a ó bá Ọjọ́rú Eérú tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Ogójì ọjọ́ ni a ń pe ààwẹ̀ náà, nítorí a kì í ka àwọn Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà inú rẹ̀ mọ́ ọn: a kì í gbààwẹ̀ ní ọjọ́ tí a fi ń rántí àjíǹde Olúwa. Lẹ́yìn náà, bí a bá ka ọjọ́ Àjíǹde gan-an mọ́ iye, ọjọ́ kẹrìnlélógójì kì í ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ 40 ni Ìgòkè-re-Ọ̀run, ọjọ́ 50 sì ni Pẹ́ńtíkọ́sì.

A kò dá gbogbo ètò yìí sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. Àjíǹde ni ó lágbà jù nínú àwọn àjọ̀dún ọdọọdún. Àwọn ìjọ ìgbà àtijọ́ ṣe àríyànjiyàn púpọ̀ lórí ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣe é, títí di ọdún 325 nígbà tí àpéjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea pinnu pé kí gbogbo ìjọ máa ṣe é ní ọjọ́ kan náà. Ti Kérésìmesì dé lẹ́yìn: àkọsílẹ̀ Róòmù kan tí a gbà pé ó ti ọdún 336 wá ni ó kọ́kọ́ fi hàn gbangba pé wọ́n ń ṣe ìrántí ìbí Jésù ní ọjọ́ 25 oṣù Dìsẹ́ḿbà.

Láàárín ọdún 381 sí 384, obìnrin onígbàgbọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Egeria rin ìrìn-àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó sì kọ ohun tí ó rí ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé. Ó rí bí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti ń sọ̀kalẹ̀ láti orí Òkè Ólífì ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó ṣáájú Àjíǹde, tí àwọn ọmọdé mú imọ̀ ọ̀pẹ àti ẹ̀ka igi ólífì lọ́wọ́, tí àwọn tí kò tíì lè rìn sì wà ní èjìká àwọn òbí wọn. Ní Jerúsálẹ́mù, ibi tí ohun náà ti ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn yóò ṣe? Wọ́n sọ ìrìn ẹsẹ̀ di ìrìn ọjọ́. Ẹni tí kò lè rìn dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti Gọ́lígótà ń ti inú ọjọ́ dé ọjọ́ títí yóò fi dé ibẹ̀. Òye gbogbo ọdún ìjọ nìyí.

Ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni apá púpọ̀ nínú ètò náà gbà dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1549 ni Thomas Cranmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Ìwé Àdúrà jáde ní èdè tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì gbọ́. Fún Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, a pèsè àdúrà kan, ẹ̀kọ́ kan láti inú ìwé àwọn àpọ́sítélì, àti ẹ̀kọ́ kan láti inú Ìhìnrere. Èyí tí a tún ṣe ní ọdún 1662 ni àwọn míṣọ́nnárì Àńgílíkà mú wá. Ní òpin ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti ìjọ Àńgílíkà pàdé ní Àgbádárìgì, wọ́n sì ṣe ọdún Kérésìmesì níbẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Jánúárì, ọdún 1844, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí a ti kó lẹ́rú rí, dúró níwájú àwọn ará rẹ̀ ní Freetown nílẹ̀ Sàró, ó sì fi èdè Yorùbá darí ìsìn fún wọn. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn àjọ̀dún Ìfihàn ni ọjọ́ náà. Ẹsẹ tí ó fi wàásù wà nínú ìwé Lúùkù, orí 1, ẹsẹ 35, níbi tí áńgẹ́lì gbé ń sọ fún Màríà nípa ọmọ tí yóò bí. Crowther náà ni ó tún ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láti túmọ̀ Ìwé Àdúrà sí èdè Yorùbá, tí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi lè máa bá ọdún ìjọ rìn ní ohùn ìyá rẹ̀.

Bí ó ti wù kí ó rí, ìṣòro kan bá ètò náà wọ̀lú. Aṣọ ojú-ọjọ́ ilẹ̀ òtútù ni ó wọ̀ wá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kérésìmesì ń bọ́ sí ìgbà tí òtútù mú gidigidi tí ọ̀sán sì kúrú. Orúkọ Lẹ́ńtì pàápàá ti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ wọn kan wá tí ó jẹ mọ́ gígùn tí ọ̀sán ń gùn sí i nígbà tí òtútù bá ń lọ. Nílẹ̀ Yorùbá, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀sán tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù kò tó wákàtí kan. Oníwàásù tí kò bá ronú jinlẹ̀ yóò máa wàásù òjò dídì fún àwọn tí ọyẹ́ ti bó ètè wọn. Ṣùgbọ́n oníwàásù tí ó bá lajú sí ilẹ̀ tí ó dúró lé yóò rí i pé ojú-ọjọ́ ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ tí ó lè kọ́ni, àti pé ní ibòmíràn ó tilẹ̀ sún mọ́ ìtàn Bíbélì ju ti ilẹ̀ òtútù lọ.

Ìgbà Bíbọ̀ Olúwa, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Ádífẹ́ǹtì, ni ó ṣáájú. Láàárín ọjọ́ 27 oṣù Nòfẹ́ḿbà àti ọjọ́ 3 oṣù Dìsẹ́ḿbà ni Ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀ àkọ́kọ́ ń bọ́ sí. Aṣọ elése àlùkò ni a ń ta sórí pẹpẹ. Ní àkókò yìí, òjò ti dáwọ́ dúró, ọ̀nà ti gbẹ, onílé sì ń tún ilé ṣe nítorí àwọn ọmọ tí wọn yóò ti ìdálẹ̀ dé. Ìyá tí ń retí ọmọ rẹ̀ kì í jókòó lásán; a gbálẹ̀, a fọ ẹní, a sì máa yọjú sí ojú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oníwàásù Ádífẹ́ǹtì ṣe ń sọ fún ìjọ pé ẹni tí ń bọ̀ kò gbọdọ̀ bá ilé ní ìdọ̀tí. Ó ń wàásù nípa àwọn wòlíì, nípa Jòhánù Onítẹ̀bọmi, àti nípa ìdájọ́ ìkẹyìn. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí ó yára wàásù Kérésìmesì kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹni tí ó bá jẹ iṣu kí ó tó ta kì í gbádùn ọdún ìjẹṣu.

Ní Kérésìmesì, aṣọ funfun rọ́pò elése àlùkò. Ṣọ́ọ̀ṣì a kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí a kò rí láti ọdún tí ó kọjá a dé pẹ̀lú aṣọ titun. Oníwàásù tí kò gbọ́n a máa fi àǹfààní náà bú wọn nítorí pé wọn kì í wá. Èyí tí ó gbọ́n a mọ̀ pé bóyá ìwàásù kan ṣoṣo yìí ni wọn yóò gbọ́ títí ọdún yóò fi yí po, a sì sọ ìtàn náà fún wọn bí ó ti rí: aboyún tí kò rí ibùsùn, ọmọ tí a tẹ́ sí ibùjẹ ẹran, àti àwọn darandaran tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí àlejò kan ilẹ̀kùn kí a má ṣí i fún un.

Ọjọ́ 6 oṣù Jánúárì ni àjọ̀dún Ìfihàn, nígbà tí a ń rántí àwọn amòye tí wọ́n ti ìlà-oòrùn wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ọjọ́ yìí sí, nítorí pé àríyá ti tán, owó sì ti tán pẹ̀lú. Síbẹ̀síbẹ̀, ọjọ́ tí ó kan gbogbo ènìyàn dúdú ni, nítorí ohun tí ó ń kọ́ni ni pé ìròyìn náà kì í ṣe ti ẹ̀yà kan ṣoṣo. Bóyá Crowther ro èyí tàbí kò rò ó nígbà tí ó dúró ní Freetown, ìsìn rẹ̀ ọjọ́ náà jẹ́ àlàyé tí ó dára jù lọ fún àjọ̀dún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn èyí ni Lẹ́ńtì dé. Ní Ọjọ́rú Eérú, àlùfáà a fi eérú sàmì sí iwájú orí àwọn ènìyàn. Imọ̀ ọ̀pẹ ọdún tí ó kọjá ni a sì sábà máa ń sun láti rí eérú náà. Ohun tí a fi yọ̀ ní ọdún tí ó kọjá ti di eérú: ìwàásù ni èyí jẹ́ fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ohun mẹ́ta ni àkókò náà ń béèrè: àdúrà, ààwẹ̀ àti ìtọrẹ-àánú. Ọ̀pọ̀ ìjọ kì í so ènìyàn pọ̀ ní ìgbéyàwó ní àkókò náà, wọn kì í sì í fi òdòdó ṣe pẹpẹ lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni lóko. Oúnjẹ inú àká ń lọ sílẹ̀, àgbẹ̀ sì ń ṣán oko lábẹ́ oòrùn líle. Ẹnikẹ́ni kò ní láti ṣàlàyé fún àgbẹ̀ pé a kì í rí ìkórè láìkọ́ ṣe làálàá. Ìwàásù ìgbà yìí ni ó le jù, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ bí ó ti ń jẹ́. Ẹni tí ó fi ebi pa ara rẹ̀ ní Lẹ́ńtì, tí ó sì ń yan arákùnrin rẹ̀ lódì, tí ó kọ̀ láti san owó alágbàṣe rẹ̀, ebi lásán ni ó pa, kò gbààwẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni ó parí Lẹ́ńtì. Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀ Ọ̀pẹ ni ó ṣí i. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ òtútù, ọ̀pẹ kì í hù, nítorí náà ẹ̀ka igi mìíràn ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọdé kankan kò ṣe aláìmọ imọ̀ ọ̀pẹ. Bí ọ̀pẹ ti Bíbélì tilẹ̀ jẹ́ irú mìíràn, tí kì í ṣe ọ̀pẹ elépo, ìbátan ni wọ́n jẹ́. Bí àwọn ọmọdé bá sì ń fì í kiri ìgboro, ohun tí Egeria rí ní ọjọ́ tó ti pẹ́ ni wọ́n tún ń ṣe. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, a ká gbogbo ọ̀ṣọ́ kúrò. Láti ọjọ́kanrí títí di aago mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ìjọ a máa jókòó gbọ́ ìwàásù lórí ọ̀rọ̀ méje tí Jésù sọ lórí àgbélébùú. Ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Agogo kì í dún ní ibòmíràn, àwọn ènìyàn a sì tú ká láìsọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹta ni Àjíǹde. Ní àkókò yìí nílẹ̀ Yorùbá, òjò àkọ́kọ́ ti ń rọ̀, àgbẹ̀ sì ti ń gbin nǹkan. Jésù fúnra rẹ̀ fi ikú rẹ̀ wé irúgbìn tí a sọ sínú ilẹ̀. Oníwàásù tí ó bá dàgbà lóko kò ní wá àpẹẹrẹ lọ jìnnà. Ẹ̀bù iṣu tí a bò mọ́lẹ̀ nínú ebè yóò jẹrà. Ẹni tí ó bá wa iṣu titun yóò rí awọ ẹ̀bù àtijọ́ tí ó ti rọ kẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó kú ni ó bọ́ ohun tí ó yè. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ nílẹ̀ Yorùbá a máa kó ara wọn jọ jáde lọ sí gbangba, wọn a jẹun, wọn a sì ṣeré. Wọ́n ní àwọn ń lọ sí Gálílì, nítorí pé ibẹ̀ ni a sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn pé wọn yóò ti rí Olúwa tí ó jíǹde.

Ìgòkè-re-Ọ̀run a máa bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ iṣẹ́. Nítorí náà ìwọ̀nba ènìyàn ni wọ́n ń wá. Pẹ́ńtíkọ́sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ mẹ́wàá. Aṣọ pupa ni a ń lò, ní ìrántí iná tí ó bà lé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn. Ìgbà òjò ti wọlé. Ìjì líle ń ṣáájú òjò, olúkúlùkù sì mọ ohun tí ẹ̀fúùfù lè ṣe sí òrùlé. Kì í ṣe ìjì nìkan ni a rántí lọ́jọ́ náà, bí kò ṣe pé olúkúlùkù àlejò tí ó wà ní Jerúsálẹ́mù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní èdè tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí a máa wàásù fún Yorùbá ní Yorùbá.

Èyí sì mú ọ̀ràn orin wá. Nígbà tí a kọ́kọ́ túmọ̀ àwọn orin ìsìn, orí ohùn orin àwọn aláwọ̀ funfun ni a gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé. Ṣùgbọ́n èdè tí ó ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni Yorùbá. Bí orin bá gòkè níbi tí ó yẹ kí ohùn ọ̀rọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ lè di ọkọ́, ìgbà sì lè di igbá. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó kú ní ọdún 1930, kọ ọ̀pọ̀ orin tí ohùn wọn bá ohùn ọ̀rọ̀ mu. Ní ọdún 1922 ni a gba orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Kristi ní Èkó, kọ ìwé nípa orin Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1953, ó sì ṣe àlàyé ọ̀nà tí a lè gbà kọ orin ìsìn tí kò ní ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ní ti ìjọ Àgùdà, èdè Látíìnì ni wọ́n fi ń ka Máàsì títí di ìgbà Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, láàárín ọdún 1962 sí 1965, tí ó fi àyè sílẹ̀ fún èdè ìbílẹ̀. Ohun tí ènìyàn kò gbọ́ kò lè bá a rin ọdún já.

Lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì ni Ọjọ́ Ìsinmi Mẹ́talọ́kan, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni àkókò tí ó gùn jù lọ, tí ó tó bí ìdajì ọdún. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni a ń lò. Igbó àti oko pẹ̀lú wọ ewé tútù nígbà náà. Kò sí àjọ̀dún ńlá kan títí, nítorí náà ibẹ̀ ni a ti ń mọ oníwàásù tòótọ́. Ní Kérésìmesì àti Àjíǹde, ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ ń ran ìwàásù lọ́wọ́. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kẹtàdínlógún lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan, kò sí olùrànlọ́wọ́. Òwe Jésù, ìwà láàárín tọkọtaya, òtítọ́ nídìí òwò, sùúrù pẹ̀lú aládùúgbò, àwọn wọ̀nyí ni a ń kọ́ nígbà náà. Bí irúgbìn ti ń dàgbà láìpariwo ni ìgbàgbọ́ ṣe ń dàgbà.

Ìkórè ni ó sábà ń parí àkókò yìí nílẹ̀ Yorùbá. Kò sí nínú ètò àwọn ìjọ ìgbà àtijọ́ bí a ti ń ṣe é lónìí. Ní ọdún 1843, Àlùfáà R. S. Hawker ti ìjọ Morwenstow ní Cornwall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe àwọn ará ìjọ rẹ̀ jọ láti dúpẹ́ fún èso ilẹ̀, àṣà náà sì tàn káàkiri. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ ọlọ́ràá ni ó bá, nítorí àwọn ènìyàn ti mọ ọdún ìjẹṣu tipẹ́. Wọ́n ń gbé iṣu, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìẹ àti ewúrẹ́ wá sí iwájú pẹpẹ, a ó sì tà wọ́n ní gbàǹjo fún iṣẹ́ ìjọ. Ewu kan wà níbẹ̀ ṣáá. Bí a bá ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n mú owó ńlá wá pẹ̀lú ìlù àti ijó, tí opó tí kò ní ju iṣu kan lọ sì fara pa mọ́ sílé nítorí ìtìjú àti àìní aṣọ titun, a ti sọ ọpẹ́ di ìdíje. Oníwàásù tí ó bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí owó kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Jésù tí ó yin opó aláìní nínú Tẹ́ḿpìlì ju àwọn ọlọ́rọ̀ lọ ti fi ohun tí ó yẹ kí ó wí hàn án.

Ibi tí ètò ẹ̀kọ́ wúlò gan-an nìyí. Ìwé Àdúrà àtijọ́ a máa yan ẹ̀kọ́ kan náà fún ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún. Ní ọdún 1969, ìjọ Àgùdà gbé ètò titun kalẹ̀ tí ó ń gba ọdún mẹ́ta kí ó tó yí po: ọdún kan fún Mátíù, ọ̀kan fún Máàkù, ọ̀kan fún Lúùkù, tí Jòhánù sì ń wọ inú gbogbo wọn. Ní ọdún 1992, àwọn ìjọ mìíràn pẹ̀lú gbé ètò tí ó jọ ọ́ jáde. Bí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà bá sọ̀rọ̀ nípa ọlọ́rọ̀ àti Lásárù, oníwàásù kò lè fò ó nítorí pé ọlọ́rọ̀ ìlú jókòó níwájú. Bí ó bá sì sọ̀rọ̀ nípa ìdáríjì, kò lè yẹra fún un nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ń bínú sí ẹnì kan. Ẹ̀kọ́ náà ti dúró dè é kí ó tó gun orí àga ìwàásù. Òun pàápàá jẹ́ olùgbọ́.

Nítorí náà, àwọn tí wọ́n ń yan Kérésìmesì, Àjíǹde àti Ìkórè nìkan, tí wọn kì í sì í wá ní Lẹ́ńtì, dà bí àgbẹ̀ tí ó fẹ́ jẹ iṣu titun ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kọ ebè. Wọn yóò rí aṣọ, wọn yóò rí oúnjẹ, wọn yóò sì gbọ́ ìlù. Ṣùgbọ́n wọn kò ní mọ ohun tí a ń yọ̀ sí. Àwọn àgbà ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í sì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ọdún ìjọ ń yí po, ó ń padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ elése àlùkò a tún gun orí pẹpẹ, ọyẹ́ a sì tún fẹ́. Ìtàn náà kì í yí padà. Ẹni tí ń gbọ́ ọ ni ó ń yí padà: ọmọdé tí ó di imọ̀ ọ̀pẹ mú lọ́dún kan ti di baba tí ó gbé ọmọ tirẹ̀ lé èjìká, aya tí ó kọrin Àjíǹde lọ́dún tí ó kọjá lè ti di opó ní èyí tí ó tẹ̀lé e, kí ó sì gbọ́ orin náà bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni a kò ṣe gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan.